Jackie Chan: ọmọ tí ó kọ́ ìṣubú bí iṣẹ́

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ní ìlú Los Angeles ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n fún òṣèré kan láti Hong Kong ní ère Oscar. Ère yìí ni ẹ̀bùn tí ó níyì jù lọ nínú iṣẹ́ sinimá ní ilẹ̀ náà. Wọn kò fún un nítorí fíìmù kan ṣoṣo. Wọ́n fún un nítorí gbogbo iṣẹ́ tí ó ti ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ó dìde láti dúpẹ́, ó sọ pé ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, pé fíìmù tí òun ti ṣe ti lé ní igba, àti pé egungun òun tí ó ti kán kò kéré.

Jackie Chan ni orúkọ òṣèré náà. Ẹni tí ó bá ti wo fíìmù ìjà àwọn ará Hong Kong rí yóò mọ̀ ọ́n: ọkùnrin onímú ńlá tí ó máa ń fi àga, àkàbà àti ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó jà, tí ẹ̀rín yóò sì máa pa ènìyàn bí ìjà náà ti ń lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú kan náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ẹlòmíràn, kò sì bọ́ sí i. Ìgbà tí ó tó di ara rẹ̀ ni ayé tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ alásè

Wọ́n bí Jackie Chan ní Hong Kong ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún 1954. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Hong Kong wà nígbà náà. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni Chan Kong-sang. Kong-sang túmọ̀ sí ẹni tí a bí ní Hong Kong.

Àwọn òbí rẹ̀ kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ogun abẹ́lé ní ilẹ̀ Ṣáínà ni ó lé wọn kúrò nílé. Nígbà tí wọ́n dé Hong Kong, ilé aṣojú ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti rí iṣẹ́. Baba ń se oúnjẹ níbẹ̀, ìyá sì ń tọ́jú ilé. Àdúgbò àwọn olówó ni ilé náà wà, ṣùgbọ́n yàrá àwọn òṣìṣẹ́ ni ọmọ yìí dàgbà sí.

Kì í jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí wọ́n fi í sí ilé-ìwé, ó fìdí rẹmi ní ọdún àkọ́kọ́, àwọn òbí rẹ̀ sì mú un kúrò. Ní àkókò yẹn kan náà, baba rẹ̀ rí iṣẹ́ alásè ní ilé aṣojú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní Canberra, olú-ìlú Ọsirélíà. Ọ̀nà náà jìn. Kí ni kí wọ́n ṣe sí ọmọ tí kò fẹ́ràn ìwé, tí ara rẹ̀ kò sì balẹ̀? Baba pinnu pé kí ó lọ kọ́ṣẹ́.

Ọdún mẹ́wàá lọ́dọ̀ ọ̀gá

Ilé ẹ̀kọ́ eré opẹ́rà Peking ni ó mú un lọ. Eré àtayébáyé ni opẹ́rà Peking jẹ́ ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ẹni tí yóò ṣe é gbọ́dọ̀ mọ orin kọ, kí ó mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàgé, kí ó mọ ìtàkìtì, kí ó sì mọ bí a ti ń fi idà àti ọ̀kọ̀ jà láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà ni Yu Jim-yuen.

Baba fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọdún mẹ́wàá. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ tó nǹkan bí ọdún méje. Gẹ́gẹ́ bí àdéhùn náà, ọ̀gá ni yóò bọ́ ọmọ, òun ni yóò wọ̀ ọ́ láṣọ, tí yóò sì kọ́ ọ níṣẹ́. Owó tí ọmọ bá pa nídìí eré, ti ọ̀gá ni. Bí ọmọ bá ṣẹ̀, ọ̀gá ní àṣẹ láti nà án.

Ẹni tí ó bá ti fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́ rí yóò mọ irú àdéhùn yìí. Ṣùgbọ́n ti Hong Kong yìí le púpọ̀. Kùtùkùtù ni àwọn ọmọ máa ń jí, ilẹ̀ a sì ti ṣú jìnnà kí wọ́n tó sùn. Wọn a dorí kodò, wọn a fi ọwọ́ méjèèjì dúró títí apá yóò fi máa gbọ̀n. Wọn a na ẹsẹ̀ títí yóò fi gbọ̀ọ̀rọ̀ bí okùn. Wọn a ta ìtàkìtì lórí ilẹ̀ líle. Ẹni tí ó bá ṣe àṣìṣe, pàṣán ni yóò dá a lóhùn.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan mú nínú orúkọ ọ̀gá mọ́ tirẹ̀, bí ẹni pé ọmọ ilé kan náà ni gbogbo wọn. Yuen Lo ni orúkọ tí Chan ń jẹ́ níbẹ̀. Sammo Hung jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún un, Yuen Biao sì jẹ́ àbúrò. Àwọn méjèèjì yìí náà di ìlúmọ̀ọ́ká òṣèré nígbà tí ó yá, gbogbo wọn sì jùmọ̀ ṣe ọ̀pọ̀ fíìmù.

Ara ni ilé ẹ̀kọ́ yìí kọ́ wọn. Ìwé kíkà àti ìwé kíkọ kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè níbẹ̀. Nígbà náà, kò sí ẹni tí ó ka èyí sí àdánù. Ọjọ́ iwájú ni yóò fi í hàn.

Ẹni tí ń ṣubú nípò ẹlòmíràn

Nígbà tí àdéhùn náà parí, Chan ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ti mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọjà iṣẹ́ náà ti tú. Sinimá àti tẹlifíṣọ̀n ti gba ènìyàn lọ́wọ́ opẹ́rà Peking. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ìtàkìtì gbọ́dọ̀ wá ibi tí wọn yóò ti jẹun.

Ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀. Nínú fíìmù ìjà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jábọ́ láti orí àjà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gba ẹ̀ṣẹ́ kí ó fò wọnú tábìlì, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yìn fọ́ fèrèsé. Olórí òṣèré kì í sábà ṣe é fúnra rẹ̀. Wọn a wá ẹlòmíràn tí yóò wọ aṣọ rẹ̀, tí yóò yí ojú sẹ́yìn, tí yóò sì ṣubú nípò rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni Chan gbà. Owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún un. Wọn kì í fi ojú rẹ̀ hàn.

Ní ọdún 1972, olórí òṣèré tí ó lókìkí jù lọ ní Hong Kong ni Bruce Lee. Nínú fíìmù rẹ̀ Fist of Fury, Chan ni ó fò sẹ́yìn nípò ọ̀gá àwọn ọ̀tá nígbà tí Lee ta á nípàá níkẹyìn. Ní ọdún 1973, nínú Enter the Dragon, Lee di irun ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú, ó sì yí i lọ́rùn. Chan ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn tí ń wòran rò pé ìṣubú kò ní ẹ̀kọ́. Ó ní. Ẹni tí ń ṣubú gbọ́dọ̀ mọ ibi tí èjìká yóò kọ́kọ́ kàn, ìgbà tí yóò ká orí wọnú àyà, àti bí ara yóò ti yí kí egungun má bàa gba gbogbo ìwúwo náà. Ohun tí pàṣán ọ̀gá ti fi kọ́ Chan nìyẹn. Òun ni ó ń jẹ.

Orúkọ ẹlòmíràn

Ní ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 1973, Bruce Lee kú lójijì. Ọmọ ọdún 32 ni. Ikú rẹ̀ mi iṣẹ́ sinimá Hong Kong tìtì. Àwọn tí ń náwó sí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí ó jọ ọ́, tí ó lè tapá bí i tirẹ̀, tí wọn yóò gbé sí ipò rẹ̀.

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ fi wọ́n fún Chan. Ó bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Canberra, ó sì ń ṣe iṣẹ́ lébìrà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jack ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí pe Chan ní Jack Kékeré, èyí sì di Jackie. Ibi iṣẹ́ bíríkì ni orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ yìí ti wá.

Ní ọdún 1976, wáyà kan dé láti Hong Kong. Willie Chan ni ó fi í ránṣẹ́. Kì í ṣe ìbátan rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni yóò di alábòójútó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó sọ pé Lo Wei, olùdarí tí ó ṣe Fist of Fury, ń wá olórí òṣèré tuntun. Chan padà wálé.

Lo Wei fún un ní orúkọ mìíràn: Sing Lung. Lung ni dírágónì, ẹranko inú ìtàn tí àwọn ará Ṣáínà kà sí àmì agbára. Orúkọ tí àwọn ará Hong Kong mọ Bruce Lee sí ni Siu Lung, èyí tí ó túmọ̀ sí Dírágónì Kékeré. Sing Lung túmọ̀ sí ẹni tí ó di dírágónì. Ohun tí wọ́n ń retí kò fara sin. Fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gbé e jáde náà ń jẹ́ New Fist of Fury.

Àwọn Yorùbá gbà pé orúkọ a máa ro ọmọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a gé fún ẹlòmíràn kì í bá ara mu. Wọ́n ní kí Chan máa bínú bí Lee, kí ó le ojú bí Lee, kí ó dúró bí ẹni tí nǹkan kan kò lè dùn. Fíìmù kan tẹ̀lé òmíràn, kò sí èyí tí ó pawó bí wọ́n ti fẹ́. Àwọn ènìyàn ti rí Bruce Lee gidi. Wọn kò fẹ́ ẹ̀dà rẹ̀.

Ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ ń dùn

Ní ọdún 1978, Lo Wei yá ilé-iṣẹ́ mìíràn ní Chan fún fíìmù méjì. Olùdarí méjèèjì ni Yuen Woo-ping, ọ̀dọ́ tí kò tíì darí fíìmù rí. Wọ́n bi Chan léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣe. Ìbéèrè kékeré yìí ni ó yí gbogbo nǹkan padà.

Fíìmù àkọ́kọ́ ni Snake in the Eagle's Shadow. Nínú rẹ̀, Chan jẹ́ ọmọ òrukàn tí gbogbo ènìyàn ń lù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjà, títí bàbá arúgbó kan fi kọ́ ọ ní ọgbọ́n. Èkejì ni Drunken Master, ìyẹn Ọ̀gá Ọ̀mùtí. Chan ṣe Wong Fei-hung nínú rẹ̀. Akọni gidi ni Wong Fei-hung nínú ìtàn, àwọn fíìmù àtijọ́ sì máa ń fi í hàn bí àgbà tí ó níyì. Chan fi í hàn bí ọmọ aláìgbọràn tí baba rẹ̀ rán lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá líle kí ó lè jẹ ìyà díẹ̀.

Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín títí, ilé sinimá sì kún. Chan ti ṣàlàyé rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà pé òun kàn ṣe òdìkejì ohun tí Lee ń ṣe ni. Bí Lee bá ta ìpá gíga, òun a ta á sílẹ̀. Bí Lee bá lu ènìyàn tí ojú rẹ̀ kò yí padà, òun a lu ènìyàn, òun a sì máa gbọn ọwọ́ nítorí pé ó dun òun. Lee ni akọni tí a ń wò láti ìsàlẹ̀. Chan ni aládùúgbò tí ìjà bá lójijì, tí ó ń wá ọ̀nà àbáyọ.

Lẹ́yìn èyí, gbogbo ilé-iṣẹ́ fẹ́ ẹ. Àríyànjiyàn ńlá ṣẹlẹ̀ lórí ìwé àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Lo Wei kí ó tó lè bọ́ sí ilé-iṣẹ́ Golden Harvest. Níbẹ̀, ó ń darí fíìmù ara rẹ̀.

Ohun tí ara san

Chan fẹ́ràn àwọn òṣèré ẹlẹ́rìn-ín ìgbà tí fíìmù kò tíì ní ohùn, pàápàá Buster Keaton àti Harold Lloyd. Ní ọdún 1923, Lloyd ti rọ̀ mọ́ ọwọ́ aago ńlá kan lára ilé gíga nínú fíìmù. Ní ọdún 1983, nínú Project A, Chan náà rọ̀ mọ́ aago lókè. Ṣùgbọ́n òun jábọ́. Ó gba inú aṣọ ìbòji méjì kọjá kí ó tó kan ilẹ̀. Ẹ̀rù bà á fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó lè tú ọwọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó sì ti ṣe é, ó tún un ṣe.

Ní ọdún 1985, ó ṣe Police Story. Níkẹyìn fíìmù náà, ó fò láti òkè ilé ìtajà ńlá kan, ó di òpó irin tí wọ́n fi iná wẹ́wẹ́ wé mú, ó sì yọ̀ lọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìró gíláàsì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jóná. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n yan Police Story ní fíìmù tí ó dára jù lọ ní ayẹyẹ ẹ̀bùn fíìmù Hong Kong.

Ọdún 1986 kan náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ó ń ṣe Armour of God ní ilẹ̀ Yugoslavia ìgbà náà. Ó gbọ́dọ̀ fò láti orí ògiri sí orí igi. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sí i. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní kí wọ́n tún un yà. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ̀ka igi kán. Ó jábọ́, ó fi orí sọ òkúta, agbárí rẹ̀ fọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní etí rẹ̀. Àwọn dókítà ibẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kíákíá. Ihò kan ṣì wà ní agbárí rẹ̀ títí di òní, etí rẹ̀ kan kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí Chan wo ẹ̀yìn, àwọn ọ̀dọ́ tí ń bá a ṣubú ni ó rí. Ó ti kó ẹgbẹ́ kan jọ, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ bí tirẹ̀ ní ìgbà ọ̀dọ́. Kò sí ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò tí ó fẹ́ gbà wọ́n, nítorí pé ewu iṣẹ́ náà pọ̀ jù. Nítorí náà, Chan fúnra rẹ̀ ni ó ń san owó ìtọ́jú ẹni tí ó bá fara pa nínú wọn.

Ó tún ṣe ohun kan tí ó fi sọ òtítọ́ fún àwọn òǹwòran. Ní ìparí fíìmù rẹ̀, ó máa ń fi àwọn ìgbà tí nǹkan kò bọ́ sí i hàn: ìgbà tí ẹsẹ̀ yọ̀, ìgbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá imú, ìgbà tí wọ́n gbé e jáde lórí ibùsùn. Àwọn ènìyàn a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn a rí i pé ẹran-ara gidi ni ó san owó ìran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wò.

Ọ̀nà Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1980 àti ọdún 1985, wọ́n pe Chan sí Amẹ́ríkà láti ṣe fíìmù. Ìgbà méjèèjì ni kò yọrí sí rere. Àwọn olùdarí ibẹ̀ ni ó ń pinnu bí yóò ti jà, ìjà náà sì lọ́ra, kò ní ẹ̀rín. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ṣòro fún un. Ó padà sí Hong Kong, ó ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ọdún mẹ́wàá kọjá. Ní ọdún 1995, ó ṣe Rumble in the Bronx bí ó ti ń ṣe fíìmù ní ilé. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán nígbà tí wọ́n ń yà á. Wọ́n fi nǹkan líle di ẹsẹ̀ náà, wọ́n kun ìbọ̀sẹ̀ kan kí ó dà bí bàtà, wọ́n fi bò ó, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tí fíìmù náà dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1996, òun ni ó pawó jù lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó jáde. Ní ọdún 1998, Rush Hour, tí òun àti Chris Tucker jọ ṣe, pa owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 240 dọ́là káàkiri ayé. Ọmọ ọdún 44 ni Chan nígbà náà.

Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ náà kò fún un

Bí òkìkí ti ń kàn, ìwé ń pọ̀ sí i: àdéhùn, lẹ́tà, ìtàn fíìmù tí ó yẹ kí ó kà. Níbẹ̀ ni àìkàwé ìgbà èwe ti ń mú un. Chan kò fi èyí pamọ́. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé ìwé kíkà àti kíkọ ṣòro fún òun, àti pé ó dun òun pé òun kò kàwé nígbà tí òun wà ní ọmọdé. Nígbà tí ó fẹ́ kọ ìtàn ayé rẹ̀, èyí tí ó jáde ní ọdún 2015, ó ń sọ̀rọ̀ ni, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ Zhu Mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Kò fi ẹ̀bi ilé pamọ́ bákan náà. Ó jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ gba òun lọ́wọ́ ìyàwó àti ọmọ. Ó ti sọ bí ó ti lọ dúró de ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kan, kí ó tó mọ̀ pé ọmọ náà ti wọ ilé-ìwé girama.

Ní ọdún 1988, ó dá àjọ àánú kan sílẹ̀ ní Hong Kong. Lára ohun tí àjọ náà ń ṣe ni fífún àwọn ọ̀dọ́ ní owó ẹ̀kọ́. Ẹni tí ebi ìwé ti pa rí ni ó mọ iye rẹ̀.

Ní ọdún 2010, ó ṣe The Karate Kid pẹ̀lú ọmọdékùnrin Jaden Smith. Nínú fíìmù yìí, kì í ṣe òun ni ọmọ aláìgbọràn mọ́. Òun ni àgbà tí ń kọ́ ọmọ. Ó ní kí ọmọ náà bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, kí ó fi kọ́, kí ó mú un, kí ó tún wọ̀ ọ́, títí ara yóò fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀kọ́ náà le, ó sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, bí ti ilé Yu Jim-yuen. Ṣùgbọ́n kò sí pàṣán lọ́wọ́ ọ̀gá yìí.